Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ibi Tí Ti Ẹni Àkọ́kọ́ Já Sí

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì ni mí níléèwòsàn kan níbí l'Óṣogbo. Wọ́n ń múra láti dán oògùn ibà tuntun kan wò lára àwọn géńdé tí ara wọn dá ṣáṣá, oògùn oníhóró tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, wọ́n sì ti fi èmi náà sínú àwọn tí yóò máa ṣọ́ wọn. Ìwé ìlànà tí wọ́n kó fún mi nípọn bíi Bíbélì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sábà máa ń bàjẹ́ nínú irú iṣẹ́ yìí, kí sì ni kí èmi tí mo wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì tẹjú mọ́?"

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú àìsùn. Ó dára bí ẹ ṣe béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ara ẹnì kan ti yàtọ̀, kó tó di pé ẹ̀rọ kankan dún.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wá nínú ìwé ńlá yẹn ṣáájú gbogbo ohun tó kù, òun ni àlàfo. Àlàfo tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì. Àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n oògùn kékeré àti èyí tó tóbi jù ú lọ. Àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí èèyàn gbé oògùn mì àti ìgbà tí ẹ sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Oògùn lè ṣe èèyàn bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tó lè mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkánjú ló máa ń sọ wàhálà ẹnì kan di ti èèyàn mẹ́fà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2006. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní TGN1412, tí ilé iṣẹ́ TeGenero ti ilẹ̀ Jámánì ṣe, ni wọ́n ń dán wò nínú ọgbà ilé ìwòsàn Northwick Park. Ọkùnrin mẹ́jọ ló yọ̀ǹda ara wọn. Mẹ́fà gba oògùn gan-an, méjì gba oògùn òfo, ìyẹn èyí tó jọ ojúlówó ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà kankan nínú. Wọ́n ń fà á sí wọn nínú iṣan lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló sì wà láàárín ẹnì kan àti èkejì. Kí 90 ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí oògùn wọ ara kálukú, orí ti ń fọ́ wọn, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, èébì ń gbé wọn, ara wọn gbóná, ìfúnpá wọn sì ń já wálẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dèrò yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan pàdánù àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti orí àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ kan.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹni ìkẹjọ ti gba tirẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí ara ẹni àkọ́kọ́ fi máa fi ohun tó ń bọ̀ hàn, oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ara gbogbo wọn tán. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo náà ni ì bá dé yàrá àkànṣe.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀wọ́ èèyàn mẹ́jọ, méjì péré ló yẹ kí ẹ fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọ̀kan gba oògùn, ọ̀kan gba òfo, ẹ̀yin pàápàá kò sì ní mọ èwo ló gba èwo. Ẹ ó wá dúró, wákàtí 24 ó kéré tán. Bí oògùn náà bá jẹ́ èyí tó ń pẹ́ lára, tàbí èyí tó ń fọwọ́ kan àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ẹ lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dókítà bá ti yẹ ara àwọn méjèèjì wò, tó sì fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́fà tó kù lè máa gba tiwọn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ojú ìwé tí èyí wà nínú ìwé ìlànà yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fi orúkọ yín sí ohunkóhun.

Ẹ lè ní, ṣé wọn ò dán ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn wò lára ẹranko ni? Wọ́n dán an wò. Ọ̀bọ gba 50 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó ṣe é. Ìdá kan nínú 500 ìyẹn, 0.1 mílígíráàmù fún kílò kan, ni wọ́n fún èèyàn. Lójú ẹni tó ń fi ẹranko ṣe òṣùwọ̀n, ìwọ̀n ọmọdé ni. Àṣé ibi tí oògùn náà ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, kò sí lára irú sẹ́ẹ̀lì yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ. Lára èèyàn, 0.1 yẹn ti tó láti gba nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ibi tó lè dì mú. Nítorí èyí, fún irú oògùn bẹ́ẹ̀ lónìí, inú ìgò ní yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti máa ń fi sẹ́ẹ̀lì èèyàn dán an wò, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún oògùn oníhóró bíi tiyín, ìṣirò mìíràn ló wọ́pọ̀, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á wá ìwọ̀n tó ga jù tí kò pa ẹranko lára. Ti eku ńlá tí òyìnbó ń pè ní rat, wọ́n á fi 6.2 pín in. Ti ajá, 1.8. Ti ọ̀bọ, 3.1. Ká ní 62 mílígíráàmù fún kílò kan ni ti eku, ó di 10. Ká ní 9 ni ti ajá, ó di 5. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni wọ́n á mú, ìyẹn 5, wọ́n á tún fi 10 pín in kí àyè ìṣọ́ra lè wà, ó di 0.5. Fún ẹni tó wúwo tó 60 kílò, 30 mílígíráàmù nìyẹn. Ibi tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga jù ú lọ. Kò sóhun tó burú bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo àmì kékeré tó wà láàárín 0 àti 5 yẹn. Bí ó bá ré kọjá lójú ẹni tó ń po oògùn, 0.5 ti di 5, gbogbo àyè ìṣọ́ra tí wọ́n fi sílẹ̀ sì ti lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèyàn méjì ni kó ṣe ìṣirò náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má wo ìwé ara wọn, kí wọ́n tó fi í wéra. Bí ìwé ìlànà bá ní kí ẹ fi ìwúwo ṣe é, ẹ wọn onítọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àmì ìkékúrú kọ màíkírógíráàmù. Ẹ kọ ọ́ tán pátá, nítorí ó rọrùn kí wọ́n kà á sí mílígíráàmù, ìyẹn sì jẹ́ ìlọ́po 1,000.

Ọ̀rọ̀ àlàfo kejì ni ti Rennes nílẹ̀ Faransé, ní oṣù kìíní ọdún 2016. BIA 10-2474 ni orúkọ oògùn náà, ilé iṣẹ́ Bial ti ilẹ̀ Potogí ló ni ín. Wọ́n ti fún àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, títí dé 100 mílígíráàmù, láìsí wàhálà. Wọ́n ti fún àwọn mìíràn ní 20 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ni wọ́n bá fò sí 50 lójoojúmọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 10, lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún tí ẹnì kan ti ń lò ó, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn márùn-ún tó kù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ tún gba oògùn tiwọn. Ẹni àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ 17. Àwọn mìíràn nínú ọ̀wọ́ náà ní àìsàn ọpọlọ.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹni àkọ́kọ́ lọ, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá oògùn ló fà á. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó dá ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sílé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ìwọ̀n mìíràn títí tí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣe é. Ì báà jẹ́ ibà lásán, ẹ jẹ́ kí yàrá àyẹ̀wò ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n fi "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣe é ní nǹkan kan" tan yín, nítorí ohun tí ara lè gbé jáde tán bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lè máa kó jọ bó bá di ojoojúmọ́.

Òfin ìdádúró gbọdọ̀ wà ní kíkọ kí oògùn àkọ́kọ́ tó kúrò nínú páálí, pẹ̀lú iye tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn lé lórí. Bí ẹnì kan bá ní ìṣòro tó la ẹ̀mí lọ tàbí tó gbé e dé ilé ìwòsàn, tó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn ló fà á, ẹ dúró. Bí èèyàn méjì nínú ọ̀wọ́ kan bá ní ìṣòro tó le, kódà tí kò la ẹ̀mí lọ, ẹ dúró. Ti ẹ̀dọ̀: bí ALT tàbí AST, àwọn èròjà tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́, bá ga ju ìlọ́po mẹ́ta òṣùwọ̀n lọ, tí bilirubin, èyí tó ń sọ ojú di pípọ́n, náà sì kọjá ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ẹ má ṣe dúró de àyẹ̀wò mìíràn kí ẹ tó pe dókítà. Ti ọkàn: bí QTc, ìyẹn àkókò tí iná ìlù ọkàn kan fi ń tàn títí tó fi sinmi, lórí ECG, ìyẹn àwòrán ìlù ọkàn, bá kọjá 500 mílísẹ́kọ́ńdì, tàbí tó fi ju 60 lọ ga ju bó ṣe wà kí onítọ̀hún tó lo oògùn, ẹ dúró.

Ẹ tẹjú mọ́ ti ọkàn yìí dáadáa, nítorí oògùn ibà ni tiyín. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ láàárín wa rántí oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní Halfan. Halofantrine tó wà nínú rẹ̀ máa ń fa QTc gùn, bí èèyàn bá sì fi oúnjẹ ọlọ́ràá tì í, ara á mu púpọ̀ rẹ̀ sí i, ewu á sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ìwé bá ní kí wọ́n gbààwẹ̀ wákàtí mẹ́wàá kí wọ́n tó lò ó, ẹ má ṣàánú ẹni tí ìyá rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín wá láàárọ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ó ti jẹ ẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má gbà á lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún wò ó bóyá ìwé náà kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì lè dá ìfúnni-lóògùn dúró láìkọ́kọ́ gbàṣẹ. Ó yẹ kó wà níbẹ̀. Dókítà àgbà lè wà ní Òkè-Fíà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nígbà tí ẹ bá rí i tí ètè ẹnì kan ń wú.

Kí oògùn tó wọ ẹnu ẹnikẹ́ni, kí cannula, ọ̀pá tín-ínrín tí wọ́n ń fi sínú iṣan, ti wà ní apá rẹ̀, lápá tí ẹ kò ti ní máa fa ẹ̀jẹ̀. Kí dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tó dákú wà nínú yàrá náà gan-an, kì í ṣe lórí fóònù, títí tí àkókò tí oògùn ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yóò fi kọjá. Fún oògùn oníhóró, ó wọ́pọ̀ kí ẹ wo ìfúnpá, ìlù ọkàn, èémí àti ìgbóná ara kí wọ́n tó gbé e mì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, 30, 60, lẹ́yìn náà ní wákàtí kejì, kẹrin, kẹfà, kẹjọ, ìkejìlá àti ìkẹrìnlélógún. Ẹ má kàn kọ iye. Ẹ bi í pé, "Báwo ni ara yín ṣe ń ṣe?" kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bó bá ní "ara mi kàn ń yún mi ṣá", ẹ gbé aṣọ rẹ̀ wò.

Bí ara yíyún bá di ara wíwú, tí ohùn rẹ̀ há tàbí ìfúnpá ń já, adrenaline ni, kì í ṣe ohun mìíràn: 0.5 mílígíráàmù, ìyẹn ìdajì mílílítà láti inú ìgò tó ní mílígíráàmù kan nínú mílílítà kan, sínú ẹran itan lápá ìta. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un ṣe. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ fa omi sí i kíákíá. Bí èémí bá ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó dìde dúró. Mo mọ̀ pé hydrocortisone àti Piriton ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ bá lórílẹ̀-èdè wa. Kò sí èyí tó lè rọ́pò adrenaline nínú wọn, ìṣẹ́jú tí ẹ bá sì fi po hydrocortisone ni ẹ ti fi ṣòfò.

Ẹ ṣe àṣedánwò rẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe, lọ́sàn-án àti lóru. Ìgbà yẹn lẹ ó mọ̀ pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti relé, tàbí pé ìgò ọ́síjìn ti ṣófo. Bí ilé ìwòsàn yín kò bá ní yàrá àkànṣe tirẹ̀, ìwé àdéhùn gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ilé ìwòsàn ńlá tó ní i níbí l'Óṣogbo. Bí wọ́n bá ní Ifẹ̀ ni àwọn ń gbé e lọ, èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ níbẹ̀ rárá.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, tí ẹni tó kọ ìwé ìlànà náà lókèèrè lè má ronú kàn. Géńdé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá l'Óṣogbo lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́jọ́ kẹta, báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá oògùn ni? Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lábẹ́ awò kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gba oògùn. Ẹ yẹ G6PD wọn wò, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, nítorí àìtó rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wa, àwọn oògùn ibà kan bíi primaquine sì máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Ìtọ̀ tó dúdú bíi Coke ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil máa ń kéré lára ọ̀pọ̀ àwa adúláwọ̀ ju bó ṣe wà nínú ìwé àwọn òyìnbó lọ, láìsí àìsàn kankan. Ẹ béèrè bóyá òṣùwọ̀n ilẹ̀ wa ni wọ́n ń lò. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa pariwo lórí ohun tí kò sí, etí á sì di sí ariwo yín lọ́jọ́ tó bá wà lóòótọ́.

Ti àgbo ńkọ́? Bí ẹ bá bi èèyàn pé "ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?", á ní rárá, ọkàn rẹ̀ á sì mọ́, nítorí lójú rẹ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe oògùn. Ẹ dárúkọ wọn: àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, paraga, bíttàsì, orógbó, oògùn tí wọ́n rà lọ́wọ́ akiri nínú ọkọ̀. Ẹ bi í nígbà tí òun nìkan wà pẹ̀lú yín. Àwọn nǹkan yìí lè mú kí ẹ̀dọ̀ jó oògùn yára jù tàbí kó lọ́ra jù, òmíràn sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀.

Owó náà ń mú èèyàn pa irọ́. Bí owó bá pọ̀ tó owó iṣẹ́ oṣù mélòó kan, ẹni tó ní ìwárápá kò ní sọ ọ́, ẹni tó kúrò nínú ìdánwò mìíràn lóṣù tó kọjá náà á dákẹ́. Kí owó jẹ́ ti àkókò àti wíwọkọ̀, kí wọ́n sì máa san án bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi inú rírun pamọ́ fún yín títí di ọjọ́ náà.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Ẹ má fi ọjọ́ ìfúnni-lóògùn sí ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, nígbà tí èrò bá kún ọ̀nà ààfin àti ojúbọ tí áńbúláǹsì kò fi ní rí ibi gbà. Nínú Ramadan, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò ní mu omi lọ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń fà lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ á sì rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Fún iná, bí oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà bá gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ̀rọ tó ń kọ ìgbóná sílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú fíríìjì náà, kí ínfátà sì gbà á kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde.

Ní ti ìwé àṣẹ, NAFDAC gbọdọ̀ ti fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHREC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa lórí ẹ̀tọ́ ìwádìí ìlera. Kí ìnṣọ́ránsì àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì wà, kí ẹ fojú rí i. Gbogbo wa la mọ ti Kánò ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, tí wọ́n dán oògùn Trovan ti ilé iṣẹ́ Pfizer wò pẹ̀lú ọmọdé 200, tí 11 kú, tí ẹjọ́ bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni fi gbé ọ̀pọ̀ ọdún nílé ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí ìfọwọ́sí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ti bébà nìkan. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "A kò fún yín ní èyí láti wò yín sàn. Kò ní ṣe ara yín láǹfààní kankan." Ẹ wá ní kí òun náà sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Bó bá ní "ẹ fẹ́ fún mi ní oògùn tó máa dènà ibà", kò tíì yé e. Ẹ tún un sọ, ẹ má tíì gbé bírò fún un.

Àlàfo tó kẹ́yìn ni ti ilé. Ní 1993, ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, wọ́n ń dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní fialuridine wò lára èèyàn 15 tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ ti hepatitis B. Kì í ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ pátápátá, ẹranko kò sì fi nǹkan kan hàn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Márùn-ún kú, méjì ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó yè. Wọ́n ti dá oògùn náà dúró kí ọ̀pọ̀ nínú àìsàn yẹn tó fojú hàn.

Nítorí náà, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó lè wọ àpò, ní Yorùbá lójú kan, ní Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì: pé ó wà nínú ìdánwò oògùn, orúkọ oògùn náà, ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn, àti nọ́mbà fóònù tí ẹnì kan máa gbé ní aago méjì òru. Ẹ pe nọ́mbà náà fúnra yín ní aago méjì òru kí ẹ tó tẹ káàdì yẹn. Ẹ gba nọ́mbà ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n nítorí ẹ̀dọ̀ lè máa rò pé ibà pọ́njú ni, kó sì ti máa wá àgbo kiri. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ kìíní, lọ́sẹ̀ kejì, ní ọjọ́ 28, kí ẹ sì tún fa ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹnì kan kò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.